Ọ̀rọ̀ Kan Tí Fóònù Gbé Mì

Omi ìwẹ̀ ọmọ ni mo fi mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún mi kò bá mi sọ òótọ́ mọ́.

Ọmọ tuntun kan wà ní ojúlé kejì sí tiwa nínú agbo ilé wa ní Ẹdẹ. Èmi ni mo máa ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo agbo ilé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fi mí joyè rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, wọ́n ní kí n bọ́ síbẹ̀, mo sì bọ́ síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ti jókòó sórí àpótí, mo ti na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo ti tẹ́ ọmọ sórí ojúgun mi. Wọ́n ti po omi. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo ní ó ti dára, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyàwó ọmọ mi, tí oyún tirẹ̀ náà ti yọ dáadáa nígbà náà, ló jókòó tì mí, tó ń bá mi pa ọṣẹ sí kànìnkànìn. Ó na kànìnkànìn sínú omi kí n tó bu ú.

"Yéè! Màmá, ẹ má dà á o! Omi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa hó!"

Mo wo ojú rẹ̀, mo rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Mo wá wo ọwọ́ mi. Àwọn ìka mi ti pọ́n bí ata, n kò sì mọ nǹkan kan lára.

Ọmọ yẹn wà lórí ẹsẹ̀ mi, ó ń na apá, ó ń ya ẹnu, kò mọ ohun tí ọwọ́ àgbàlagbà fẹ́ fi ṣe é. Mo gbé igbá omi sílẹ̀. Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

Ọwọ́ náà ti ń ṣe mí bákan tipẹ́. Gàrí ni mo ń yan láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Láti ìlú Ara ni wọ́n ti ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún mi. Bí a bá ti rin ín tán, tí a fún omi rẹ̀ dànù, tí a kù ú, ìdí iná ló kù. Ìlàjì igbá ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada, òun náà ni mo fi ń yí i padà, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn níka mi. Tí mo bá sùn, á jí mi, màá gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ń gbọn aṣọ tútù, á sì lọ. Mo pè é ní làkúrègbé. Mo fi òróró gbígbóná pa á, mo fi róòbù pa á, ẹnì kan ní kí n máa fi aṣọ dì í, mo dì í. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣe mí, ohun tí mo máa ń sọ kò ju pé, "Ọwọ́ mi tún ti kú." Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn á jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́, á ní ẹsẹ̀ òun kú. Kò sí ẹni tí í bá a sunkún sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló kù díẹ̀ kó sin mí láàyè.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ omi gbígbóná yẹn, ìyàwó ọmọ mi kò bá mi jà, kò sì ròyìn mi fún ará ilé. Ọdún tí òun àti ọmọkùnrin mi ti ń retí ọmọ kì í ṣe kékeré. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìyàwó rẹ̀ wá dúró tì mí ní Ẹdẹ kí n lè tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi bímọ. Lọ́jọ́ kan mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, mo gbọ́ tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Màmá ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ta ló máa wá wẹ ọmọ fún mi?"

Mo dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò bínú. Ká ní èmi ni, bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju iná gàrí lọ. Kí ìyàwó ọmọ mi bímọ sínú ilé mi, kí a lọ wá ẹlòmíràn wá wẹ ọmọ náà! Mo wọlé, mo sọ fún un pé kó wá bá mi wá ọsibítù tí wọ́n ti ń wo ọwọ́. Ó ní ó yá.

Òṣogbo la lọ. Dókítà tó rí wa kò lè ju ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn mi lọ. Ó ní kí n tẹ ọrùn ọwọ́ méjèèjì sísàlẹ̀, kí n kọ ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí n dúró bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ti ọ̀tún fi kú. Ó wá fi ìka rẹ̀ gbá mi ní ọrùn ọwọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni kan ilẹ̀kùn, nǹkan kan ta láti ibẹ̀ dé orí ìka mi bí iná mànàmáná. Mo fò sókè.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ dijú báyìí. Ibi tí mo bá ti fọwọ́ kàn yín, ẹ sọ ọ́."

Òwú ló fi ń kàn mí. Ó kan ọmọńdinrín, mo ní ìyẹn nìyẹn. Ó kan ìka òrùka, mo ní òun nìyẹn. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mo dákẹ́, mo ń retí rẹ̀.

"Màmá, ẹ lajú."

Mo lajú. Òwú wà lórí ìka òrùka kan náà, ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó kọjú sí ìka àárín. Ó ń fi í ra mí lára, mo ń wò ó, bí ẹni pé ìka ẹlòmíràn ni. Ó gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọmọńdinrín, mo mọ̀ ọ́n lára kíá.

"Dókítà, ìka kan ṣoṣo nìyí," mo wí. "Ẹ̀gbẹ́ kan yè, ẹ̀gbẹ́ kan kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ta ló pín in?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ó ní iṣan kan wà tó ń gbé ìròyìn láti àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìdajì ìka òrùka lọ sínú orí wa. Ó ní ẹnu ọ̀nà tóóró kan ni iṣan náà ń gbà kọjá ní ọrùn ọwọ́, egungun nísàlẹ̀, ọ̀já líle lókè. Ọmọńdinrín ń gba ọ̀nà mìíràn ní tirẹ̀. Iṣẹ́ gàrí ti jẹ́ kí inú ẹnu ọ̀nà mi wú, ó ti fún iṣan náà lọ́rùn. Mo wo ọwọ́ tí mo ti ń gbé káàkiri láti kékeré, tí mo fi ń jẹun, tí mo fi ń ṣe àlùwàlá, n kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì ló wà nínú rẹ̀.

Ó wá di ìdí àtàǹpàkò mi mú, ó fi ti ọ̀tún wé ti òsì. Ti òsì ga bí òkìtì kékeré. Ti ọ̀tún ti tẹ́. Èmi tí mo ń wò ó lójoojúmọ́, n kò rí i.

"Ẹran ibí yìí ti ń gbẹ. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá, ọwọ́ yìí lè kú pátápátá."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyàwó ọmọ mi gbọ́ tí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀. Aláboyún, ẹkún wọn kì í jìnnà. Ó mú fóònù, ó jáde lọ pe ọkọ rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde, "Hẹ̀lóò? Hẹ̀lóò?" Nígbà tó wọlé, ó ń nu ojú.

"Fóònù mi ti kú, Màmá. A ò níná lánàá. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un kó tó kú."

Tèmi wà nílé, lábẹ́ ìrọ̀rí. N kì í mú fóònù jáde, kí n má baà sọ ọ́ nù.

Dókítà tẹ́ ohun tó ṣeé ṣe sílẹ̀ níwájú mi. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fún ní ìbọ̀wọ́ kan tó ní irin pẹlẹbẹ nínú, tí wọ́n ń fi sùn kí ọrùn ọwọ́ má baà tẹ̀. Bí àìsàn náà ò bá tíì jìnnà, ìyẹn nìkan lè tó. Iṣẹ́ abẹ wà, wọn á la ọ̀já tó fún ẹnu ọ̀nà náà, iṣan á mí. Ó ní bí a bá fojú ìdí àtàǹpàkò mi wò ó, ibẹ̀ la ń lọ nígbẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ sì wà, tí wọ́n ń gún sí ọrùn ọwọ́ gan-an kó lè fa wíwú náà sílẹ̀. Ó lè pẹ́, ó lè má pẹ́.

"Oyún yìí ti tó bíbí," mo wí. "Èwo ló máa jẹ́ kí n lè wẹ ọmọ?"

Ó wo ikùn ìyàwó ọmọ mi, ó wò mí. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́, Màmá. Ẹ ó máa fi ìbọ̀wọ́ náà sùn. Bí ọmọ bá ti gbó díẹ̀, ká ṣe iṣẹ́ abẹ."

Àyà mi kò balẹ̀. Ọmọ kan wà nínú agbo ilé wa tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí nígbà tó wà lọ́wọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi rọ títí dòní. Mo sọ fún dókítà. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní òun náà ti rí irú rẹ̀, pé inú iṣan ni abẹ́rẹ́ yẹn bọ́ sí, pé ẹ̀gbẹ́ iṣan ni tòun ń lọ, pé bí mo bá gbọ́ tí iná ta sí ìka mi, kí n pariwo, òun á fà á yọ. Ìyàwó ọmọ mi bèèrè oògùn tó wà nínú rẹ̀. Dókítà dárúkọ rẹ̀.

"Sítẹ́rọ́ọ̀dù? Háà! Ṣé kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọge ń lò kí ìdí wọn lè tóbi nìyẹn?"

"Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n," dókítà dá a lóhùn. "Àwọn yẹn ń gbé e mì bí ẹ̀pà, ó sì ń ba inú wọn jẹ́. Èyí kò ju ìkán díẹ̀ lọ, ojú kan ló máa wà."

"Bó bá fẹ́ mú ìdí mi tóbi náà, kó dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá san," mo wí. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé àwo irin sílẹ̀.

Wọ́n yẹ ṣúgà ara mi wò kọ́kọ́, torí abẹ́rẹ́ náà lè mú un gòkè. Ó dára. Dókítà fi oògùn pa ọrùn ọwọ́ mi, ó tẹ abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Iná kankan kò ta. Ó kàn ń wúwo, bí ìgbà tí wọ́n ń rọ ẹ̀kọ sínú ewé. Wọ́n fi òwú àti bándéèjì dì í, wọ́n ní ó lè dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ kan sí méjì, kí n má bẹ̀rù.

A ti kírun alásàrì kí a tó dé Ẹdẹ. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé wa dé ẹnu agbo ilé, mo sì rí bàtà rẹpẹtẹ níta, mo gbọ́ ẹkún. Mo yára sọ̀kalẹ̀, mo gbá gèlè mi mú, mo ti ń sunkún kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan láti ojúlé kejì, ìyá ìyá ọmọ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi bó, kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ká ẹní.

"Ta ló kú o? Yéè, ta ló kú?"

Kò wẹ̀yìn. "Ìyá onígàrí ni. Ọsibítù ni wọ́n kú sí."

"Áà! Ìyá onígàrí èwo?"

"Ìyá onígàrí mélòó la ní níbí?" Ó bá yíjú.

Ẹní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Àkúdàáyà!" ló fi pariwo, ó sá, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Àwọn tó wà lórí ìjókòó dìde gìrì. Ààfáà àdúgbò wa, tí ó ti ń ka tẹ̀súbáà, dúró ṣinṣin ní tirẹ̀, ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, ọwọ́ mi nínú bándéèjì. N kò mọ ohun tí èèyàn ń sọ fún àwọn tó wá síbi òkú rẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi, tí èmi máa ń pè ní ọkọ mi kékeré, ló kọ́kọ́ sún mọ́ mi. Òun ni olórí ilé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ìyàwó, ṣé ìwọ ni àbí ìwọ kọ́?"

"Èmi ni, ọkọ mi. Ta ló ní mo kú?"

"Ọmọ ẹ ló pè láti Ìbàdàn! Ó ń ké bí ọmọdé. Ó ní ìyàwó òun pe òun láti ọsibítù."

Gbogbo wa yíjú sí ìyàwó ọmọ mi. Ó gbé ọwọ́ lérí.

"Èmi? Ọwọ́ ni mo wí! Mo ní ọwọ́ Màmá ti kú!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nẹ́tíwọ̀kì ń fò. Fóònù gbé "ọwọ́" mì, ó fi ìyókù fún ọmọ mi: "Màmá ti kú." Lẹ́yìn náà fóònù fúnra rẹ̀ kú. Ọmọ mi ń pè é, kò wọlé. Ó pe tèmi, lábẹ́ ìrọ̀rí ló ń dún, àwọn ará ilé gbọ́ ọ, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti fi fóònù sílẹ̀ lọ. Àwa Mùsùlùmí kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀.

Ó wá sọ sí mi lọ́kàn. "Ọkọ mi," mo wí, "àwọn ọ̀dọ́ ilé dà?"

Ó yíjú sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ọkọ mi, ọkọ́ àti dígà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti gbẹ́ tèmi dé orúnkún. Wọ́n dúró bí igi nígbà tí wọ́n rí mi. Mo lọ sí etí rẹ̀, mo wo inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa yé ẹni tí kò wo inú tirẹ̀ rí. Ó tóóró. Gbogbo wàhálà tí mo ti ṣe láyé, ibi tó mọ nìyẹn. Mo jókòó sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó jáde, ìyàwó ọmọ mi sì rọra gbá mi lẹ́jìká mú.

Ọkọ mi kékeré ní sàréè tí a bá ti gbẹ́, a kì í dí i lásán, kí wọ́n lọ gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sin ín síbẹ̀ dípò mi. Ààfáà ní kò sí ìyẹn nínú ẹ̀sìn, kí wọ́n kàn dí i. Wọ́n fẹ́ máa fa ọ̀rọ̀. Mo bu yẹ̀pẹ̀ náà sí ọwọ́ òsì. Ó dúdú, ó rọ̀.

"Ilẹ̀ yìí dára," mo wí. "Ẹ dí i dé ìdajì, kí ẹ wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀ wá, kí ẹ gbìn ín. Èyí tó máa so ni kí ẹ gbìn."

Ààfáà ní ìyẹn kò lòdì sí nǹkan kan. Ọkọ mi kékeré ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òun náà wí.

Nígbà tí oúnjẹ ti délẹ̀, tí àwọn tó wá sunkún ti ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, mo gbọ́ pé ọkọ mi kékeré ti kì mí títí, pé kò sí obìnrin tó ní sùúrù bí i tèmi nínú ilé. Mo ní kó tún un sọ kí n gbọ́. Ó ní ó ti tán, òkú lòun ń kì. Ọmọ mi dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú ojú wíwú. Wọ́n ti pe òun náà lọ́nà pé mo wà láàyè, síbẹ̀ ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"N ò gbọ́ ọwọ́! Mo fi Ọlọ́run bura, n ò gbọ́ ọwọ́!"

"Mo sọ ọwọ́!"

Láti ọjọ́ náà, mo ti ṣòfin. Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ kú mọ́ nínú ilé mi. Iná lọ. Ó rẹ fóònù. Ọwọ́ sùn.

Ọwọ́ náà dùn mí lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ó gbóná, ó rọ́ mi. Lẹ́yìn náà ó rọlẹ̀. Mo ń fi ìbọ̀wọ́ onírin sùn, kò sì jí mi mọ́. Mo fi ìlàjì igbá sílẹ̀. Igi pẹlẹbẹ eléèkù gígùn ni mo fi ń ro gàrí báyìí, èmi àti ọmọ ọkọ mi kékeré la sì ń gbà á ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń ṣa ẹ̀wà, nǹkan kan gún mi ní ìka ìfábẹ̀lá. Mo ju àwo sílẹ̀. Òkúta kékeré ni, mo sì mọ̀ ọ́n lára kí n tó rí i. Mo ṣà á, mo gbé e sórí ìka kejì, mo gbé e sórí àtàǹpàkò, mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Obìnrin ni ìyàwó ọmọ mi bí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé, èmi ni mo sọ fún un tẹ́lẹ̀ kó tó bi mí, pé ìgúnpá ni màá máa fi dán omi wò láti ìsinsìnyí lọ, pé òun náà á dán an wò lẹ́yìn mi, títí màá fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Oṣù tó ń bọ̀ la fi í sí. Ìka àárín mi ti tún ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ tòògbé, n kò sì ní dúró dè é.

Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀. Mo ti ìgúnpá bọ omi. Mo ní kó fọwọ́ kàn án. Ó wò mí, ó wo omi, kò fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sórí ojúgun mi.

"Ẹ wẹ̀ ẹ́, Màmá."

"Fọwọ́ kàn án, mo wí."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó mi orí pé ó ti dára. Mo bu omi, mo fi rin ọmọ lórí, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbá orí rẹ̀ mú bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ibi tó rọ̀ láàárín orí rẹ̀, àwùjẹ̀, ń lù lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Mo tẹ́tí sí i. Ó tún lù.